Kàn Án Lẹ́ẹ̀mejì Bí O Kò Bá Gbọ́

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òkè Kejì,
                                        Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Àwòdì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ojú rẹ ńkọ́, àbí gíláàsì kan ti tún gun orí èkejì? Ọmọbìnrin rẹ tí ò ń bá gbé ńkọ́, ọkọ rẹ̀ ńkọ́, àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú bí o bá jókòó pẹ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Tèmi kò le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń rìn dé ìsàlẹ̀ ilé padà wá. Ìyá àwọn ọmọ mi kí ọ. Ó rí mi pẹ̀lú bírò, ó béèrè ẹni tí mò ń kọ̀wé sí, mo sì tọ́ka sí fọ́tò wa tó wà lára ògiri, èyí tí a yà lọ́jọ́ tí ọ̀gá wa nílé ìtẹ̀wé sọ wá lórúkọ: ìwọ Àwòdì, nítorí ojú rẹ tí kì í tàsé lórí ìwé, èmi Kọ́mà, nítorí ohun tó máa ń jáde lẹ́nu mi jù lọ. Ìkíni kan ṣẹ́ kù tí n kò ní kọ síbí. Wàá rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, wo ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dáadáa. Lẹ́tà kò wọ́, ìlà kò tẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò bá mi di ọwọ́ mú. O ò lè gbàgbé ọjọ́ tí a fẹ̀yìn tì, bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n lórí ìwé ìfẹ̀yìntì tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fi ní kí n kúkú tẹ ìka. Ẹni tó ti fi ọdún méjìlélógún kàwé fún gbogbo ayé tẹ ìka bí ẹni tí kò wo ojú ìwé rí. Ìwọ lo fi aṣọ ìnujú rẹ nu íǹkì náà kúrò níka mi.

Nítorí náà, o mọ bí inú wa ṣe dùn tó nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún mi. Ó pé ọdún méje báyìí. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ lórí fóònù nígbà náà: bí wọ́n ṣe lu ihò kéékèèké méjì sí mi lórí, tí wọ́n ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ, tí wọ́n sì ri bátìrì sí abẹ́ awọ àyà mi kí iná lè máa tibẹ̀ gòkè. Dókítà kò sọ pé àìsàn náà ti lọ. Ó ní Pákínsìn kò lọ síbì kankan, pé ẹ̀rọ náà kàn ń pàṣẹ fún ọwọ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ọwọ́ sì jókòó. O rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún ọ pé àkọ́bí mi, oníṣẹ́ iná, fẹ́ wá wò ó bóyá wọ́n so wáyà bàbá òun dáadáa. Ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ dùn. Mò ń de bọ́tìnnì ara mi. Mò ń gbé ife tíì tó kún láti ilé ìdáná dé pálọ̀, n kò sì ní dà á sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́ọ̀mù láti kọ ní òpópónà wa, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá, èmi náà á sì máa kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba bí ẹni ń ṣe ìdíje. Ìyá àwọn ọmọ ní mo ti di ọ̀dọ́mọkùnrin padà, pé kí n má lọ fẹ́yàwó kejì o.

Ohun tí n kò sọ fún ọ ni èyí tó tẹ̀ lé e. Láti ọdún kẹta ni ohùn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í relé. Kò ṣe é lójijì. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyá àwọn ọmọ a máa ní kí n sọ̀rọ̀ sókè, èmi sì rò pé etí rẹ̀ ló ń di. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara wọn, èyí tó wà lẹ́yìn kò jẹ́ kí èyí tó wà níwájú jáde tán. Nígbà tó yá, ohùn kò lọ sókè, kò wá sísàlẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé ohùn ló gbé èdè wa ró. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ bákan náà, ẹnu lásán ni olùgbọ́ á máa wò. Dókítà ní ó máa ń ṣe àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó ní iná tó ń mú ọwọ́ dúró máa ń tàn dé ibi tó ń darí ahọ́n, àìsàn náà fúnra rẹ̀ sì ń ṣe tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dín iná kù, ẹnu lè já díẹ̀, ọwọ́ á sì padà sídìí gbígbọ̀n. Bí wọ́n bá fi kún un, ọwọ́ á dákẹ́, ẹnu náà á dákẹ́.

Wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Èmi kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi dùn mí. Mo tilẹ̀ jókòó lọ́jọ́ kan láti wá ìdùn náà, torí ó yẹ kó wà. N kò rí nǹkan kan. Ó rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín: mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá mi lóhùn nílé láìgbọ́ mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìyá àwọn ọmọ á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá wọn," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo dán an wò lọ́jọ́ kan. Mo sọ fún un pé òrùlé wa ń jóná. Ó ní, "Ó dáa náà, a ó ṣe é lọ́la." N kò bá a jà. Ó tó ọdún mẹ́ta tó fi ń ní "Kí lẹ wí?" kó tó sú u, bó bá sì jẹ́ èmi ni, bóyá n kò ní lè ṣe é tó oṣù mẹ́ta. Àwọn àlejò ní tiwọn á máa pariwo mọ́ mi bí ẹni pé etí mi ló di, wọ́n á wá yíjú sí ìyá àwọn ọmọ, wọ́n á ní, "Ṣé wọ́n ti jẹun lónìí?" Èmi nìyẹn, nínú àga mi, pẹ̀lú abọ́ òfìfo lórí itan.

Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́ ohun tí o gbọ́ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ìròyìn dé pé ìyàwó rẹ ti jáde láyé, mo ní kò sí ẹni tó máa bá mi pè ọ́, èmi fúnra mi ni. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, ìlà mẹ́rin péré, mo sì fi ọjọ́ méjì gbáko kà á nínú yàrá. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pè ọ́. Gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. O ní, "Ta nìyẹn?" Mo sọ orúkọ mi, kò jáde. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní. Bóyá nọ́ńbà mi ni o rí, o wá ní, "Kọ́mà, ṣé ìwọ nìyí? Ọtí lo mu yó kí o tó pè mí lórí òkú ìyàwó mi?" O sì gbé fóònù sílẹ̀.

N kò dá ọ lẹ́bi. Bí mo bá gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ, ohun tí èmi náà á rò nìyẹn. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Tèmi, inú ìtẹ́ ló ti fọ́. Nígbà tí mo jáde sí pálọ̀, ìyá àwọn ọmọ bi mí bóyá o gbọ́ mi, mo sì mi orí pé o gbọ́. Ó yẹ kí n kọ̀wé sí ọ lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi kúkú lè kọ ọ́. N kò kọ ọ́. Kì í ṣe ìbínú, kì í ṣe ìtìjú. Mo kàn jókòó, ọjọ́ sì ń lọ. Jọ̀ọ́, má bínú. Bí a ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ohun tó mú mi gbé bírò wàyí ni èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, n kò sì mọ ẹlòmíì láyé tó lè bá mi tú u àfi ìwọ. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ la jọ lọ. Yàrá kékeré ni: àga mẹ́rin, tábìlì onígi kan, àwòrán ọ̀fun ènìyàn lára ògiri. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn aláìsàn lọ́rọ̀ sísọ, Tíṣà Ohùn ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í kánjú. Òun ló ní kí n máa fa "Áà" gígùn láràárọ̀ níwájú fèrèsé, mo sì ti ń fà á láti ọjọ́ yẹn títí ajá ilé kejì kò fi dá mi lóhùn mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú nǹkan kan lọ́wọ́ tó dà bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní àwọn máa dín iná náà kù fún ogún ìṣẹ́jú kí àwọn gbọ́ bí ohùn mi á ṣe rí. Bó bá dára, dókítà lè to ẹ̀rọ náà sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún ọwọ́, ọ̀kan fún ẹnu, kí wọ́n fún mi ní rìmóòtù tèmi kí n máa yí i bó bá ṣe wù mí.

Nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnnì. Ọwọ́ ọ̀tún kọ́kọ́ gbọ̀n, tòsì tẹ̀ lé e. Ìyá àwọn ọmọ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tíṣà Ohùn gbé ìwé pélébé kan síwájú mi, ó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó ní kí n kà á sókè, kí n fara balẹ̀. Mo la ẹnu.

Àwòdì, ohùn mi jáde. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, ó há díẹ̀, kò sì lágbára, ṣùgbọ́n tèmi ni. Ó lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sókè. Ọdún bíi márùn-ún ni n kò ti gbọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣe àṣìṣe. Ìwé wà níwájú mi, tábìlì onígi wà lábẹ́ ọwọ́ mi, ohùn mi wà létí mi: kí ni ara mi tún fẹ́ rò pé òun ń ṣe ju iṣẹ́ lọ? Mo kà á báyìí: "Ńlá, Nígbà tí òjò dá, kọ́mà, àwọn ará ilé jáde, kọ́mà, wọ́n sì tún sá aṣọ wọn síta, fúlú." Mo sì dúró.

Ìwọ ni mò ń dúró dè.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n là á sílẹ̀, nítorí ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ní yàrá ìkàwé nílé ìtẹ̀wé, èmi ló ń ka ohun tí oníwèé kọ sókè, ìwọ ló ń wo èyí tí wọ́n tẹ̀ bóyá wọ́n bára mu. Gbogbo àmì ni mò ń kà mọ́ ọ̀rọ̀: kọ́mà, fúlú níbi tí gbólóhùn bá parí, bèèrè níbi tí ìbéèrè bá wà, ńlá fún lẹ́tà ńlá. Nítorí ariwo ẹ̀rọ, àti nítorí àwọn méjì yòókù tí wọ́n ń ka tiwọn ní igun kejì, ọ̀gá wa kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí kò sí lójú ìwé jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ìwọ kì í sọ̀rọ̀, ìka lo fi ń kan tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan, o ti rí i, kí n máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì, kò yé ọ, kí n tún un kà. Bí o kò bá tíì kàn án, n kò ní kúrò lójú ìlà náà. Báyìí la ṣe ka ìwé ìdánwò, báyìí la ṣe ka ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin, báyìí la ṣe fi ogójì ọjọ́ ka ìwé orúkọ gbogbo àwọn tó ní tẹlifóònù, títí mo fi sùn lọ tí ẹnu mi ṣì ń ka nọ́ńbà, tí o kàn án lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi ta jí. Àlejò kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà. Ìyàwó mi kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Èmi náà kì í sì í kàwé sókè nílé, ta ló fẹ́ gbé iṣẹ́ délé?

Mo wá jókòó nílé ìwòsàn, mò ń retí kíkàn. Kò sẹ́ni tó kàn án. Tíṣà Ohùn ní, "Ẹ máa kà á lọ, bàbá." Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n nínú yàrá wa, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe àṣẹ. Níwọ̀n bí kò ti sí kíkàn, mo tún ìlà kìn-ín-ní kà, pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀, pẹ̀lú fúlú rẹ̀. Mo tún dúró. Ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n ń lu tábìlì kó-kó-kó-kó, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, n kò mọ ohun tó ń wí. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹrin. Bí ogún ìṣẹ́jú ṣe lọ nìyẹn. Gbogbo ohùn tí mo rí gbà padà láti ọdún márùn-ún, orí òjò tó dá àti aṣọ tí wọ́n sá ni mo lò ó tán sí. Nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnnì, ọwọ́ dákẹ́, ohùn náà sì wọlé padà.

Ìgbà tí mo rí ojú Tíṣà Ohùn ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó rọra bi ìyá àwọn ọmọ bóyá mo ti ń ṣe irú èyí nílé. Ìyàwó mi, tí kò mọ̀ pé òun ń jẹ́rìí lòdì sí mi, ní bẹ́ẹ̀ ni, pé mo tún máa ń kan tábìlì kó-kó nígbà tí a bá ń jẹun, láìnídìí. Àwòdì, ìdí wà! Bí n kò bá gbọ́ ohun tó wí dáadáa, tí ẹnu mi kò sì lè béèrè, mo kàn án lẹ́ẹ̀mejì pé kó tún un wí. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kàn án. Kò tún un wí rí. Ó rò pé àìsàn náà ni.

Mo gba bírò, mo kọ ọ́ síwèé níbẹ̀ pé iṣẹ́ tí mo ṣe rí ni, pé báyìí la ṣe ń kàwé. Tíṣà Ohùn kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," ó sì tì í sáàárín àwọn ìwé yòókù. Nígbà tí a délé, mo tún un kọ fún ìyá àwọn ọmọ, ojú ìwé kan gbáko. Ó kà á tán, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun gbà mí gbọ́, ó sì ń sunkún. Ẹni tó gba ènìyàn gbọ́ kì í sunkún bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwé dé. Wọ́n ní ohùn mi sàn díẹ̀ nígbà tí iná dín, ṣùgbọ́n pé mò ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí lójú ìwé, mò ń tún ohun kan náà sọ, mò ń dúró láìnídìí, ó sì jọ pé òye mi ti ń dín kù. Wọn kò ní lè fi rìmóòtù lé mi lọ́wọ́. Kí ìyàwó mi àti ọmọ mi wá sí ìpàdé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n bá wọn pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe sí ẹ̀rọ náà. Mo ka ìwé ọ̀hún láti òkè délẹ̀. Àṣìṣe ìtẹ̀wé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ní ọpọlọ mi ń rẹ̀yìn. Mo fi bírò pupa sàmì sí wọn létí ìwé bí a ṣe ń ṣe é, èyí tó yẹ kó jáde, èyí tó yẹ kó wọlé. Àkọ́bí mi wá bá a lórí tábìlì. Ó wo àwọn àmì náà títí, ó ní, "Màámi, ẹ wá wo ohun tí bàbá fi bírò ṣe." Ó ti mú un lọ fún dókítà.

Má rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Bí ọwọ́ mi bá padà sídìí gbígbọ̀n, ìyá àwọn ọmọ ló máa bu oúnjẹ sí mi lẹ́nu, òun ló máa de bọ́tìnnì mi, ẹ̀yìn tirẹ̀ náà kò sì le mọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àkọ́bí mi ní wáyà tó bá ń ṣiṣẹ́, a kì í tú u wò. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná nìyẹn, ó sì tọ̀nà ní tirẹ̀. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n jíròrò mi níwájú mi, tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń jíròrò ibi tí wọ́n máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù sí.

Bí o bá bi mí ní èyí tí mo fẹ́ nínú ọwọ́ àti ohùn, n kò mọ̀. Bí mo bá ń kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ ni mo fẹ́. Bí ẹnìkan bá ní "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá wọn," mo fẹ́ ohùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ló yẹ kí wọ́n bi, orí mi ni wáyà wà. Bí wọ́n bá bi mí, tí mo sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, á jẹ́ pé èmi ni mo yọ̀ǹda ohùn mi. Bí wọn kò bá bi mí, á jẹ́ pé wọ́n gbà á ni. Mo sọ fún ọ lókè pé kò dùn mí. Òótọ́ ni nígbà tí mo kọ ọ́. Ní báyìí tí mo ti kọ ọ́ dé ibí, mo rí i pé láti ọ̀sẹ̀ méjì n kò tíì lè ronú nǹkan mìíràn.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ọ̀gá wa ti kú. Àwọn méjì igun kejì ti kú. Wọ́n ti wó yàrá yẹn, ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé síbẹ̀ báyìí, mò ń rí i láti fèrèsé mi. Ìwọ nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí pé orí mi pé. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí dókítà náà kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Má yìn mí, má sì kọ ọ́ gùn. Sọ fún un nípa kọ́mà àti fúlú, nípa dídúró, nípa kíkàn. Sọ fún un pé bó bá fẹ́ dán mi wò, kó jókòó kọjú sí mi, kó máa kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì rí i bóyá n kò ní ka ìwé náà tán. Inú lè máa bí ọ sí mi síbẹ̀. Máa bínú náà, ṣùgbọ́n kọ ọ́.

Bá mi kí ọmọbìnrin rẹ àti ọkọ rẹ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ wọn, pàápàá èyí tó fi gíláàsì rẹ ṣeré tó fi ṣẹ́ lápá. Bá mi kí aládùúgbò rẹ tó máa ń yá ọ ní ìwé ìròyìn, sọ fún un pé kó má jẹ́ kí o máa fi bírò pupa ba tirẹ̀ jẹ́.

Ó ku ohun kan. Ní ọjọ́ Sátidé tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tí ìwé yìí dé ọwọ́ rẹ, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyá àwọn ọmọ á ti lọ kí àbúrò rẹ̀, èmi nìkan ni màá wà nílé. Jọ̀ọ́, pè mí. Má sọ̀rọ̀. Gbé fóònù sí orí tábìlì onígi, kí o sì múra ìka rẹ sílẹ̀. Ìlà mẹ́rin tí mo fẹ́ kà fún ọ lọ́dún tó kọjá nípa ìyàwó rẹ ṣì wà nínú àpò kóòtù mi. Màá kà á fún ọ, pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀ àti fúlú rẹ̀. Bí o bá gbọ́ ìlà kan, kàn án lẹ́ẹ̀kan. Bí o kò bá gbọ́, má ní "bẹ́ẹ̀ ni" fún mi, gbogbo ayé ló ń ní bẹ́ẹ̀ ni fún mi. Kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Màá tún un kà. N kò ní kúrò lójú ìlà náà títí o fi máa gbọ́ ọ.

                                        Èmi ni ẹni tó ń retí kíkàn rẹ,
                                        Kọ́mà.